Ìgbàdí Òmùwẹ̀

"Mi ò lè ṣí i, Dókítà. Ẹ má bínú."

Ohùn Òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àpótí oògùn, rọ̀ bí ohùn àgbàlagbà tó ń parí ìjà ọkọ àti aya. Wọ́n ní ohùn bàbá kan tó ti kú ni wọ́n fi kọ́ ọ, bàbá tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ débi pé bó bá ní kí o máa lọ, wàá kọ́kọ́ dúpẹ́ kí o tó dìde. Ṣùgbọ́n ohùn rírọ̀ kì í ṣí dúrọ́ọ̀. Dókítà Mosúnmọ́lá tún tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ojú àpótí oògùn tó wà lára ògiri. Gbogbo dúrọ́ọ̀ tó kù tàn yọ̀ọ̀, wọ́n ṣetán láti ṣí fún un. Ọ̀kan ṣoṣo tó ń wá, èyí tí abẹ́rẹ́ oje agbára wà nínú rẹ̀, dúdú bí ẹnu kànga.

"Kí ló dé tí ẹ ò lè ṣí i?" Ó mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó tún un sọ.

"Ìgbàdí ọmọkùnrin yìí ń fún un ní oje rẹ̀ déédéé. Mò ń gbọ́ ọ níhìn-ín. Òfin ní odò tó kún, a kì í bu omi kún un."

Lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀ ni Akíntimẹ́hìn dùbúlẹ̀ sí, ọ̀kan nínú àwọn òmùwẹ̀ tó ń di ihò abẹ́ odi kí òkun má baà gbé ìlú Èbúté-Odi lọ. Irin odi ló ya á lójúgun. Egbò tí kò ju ẹnu ìka lọ ni, ó fi àkísà dì í, ó sì tún padà sínú omi. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, àrùn ti kúrò lójúgun, ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ń ja gbogbo ara lólè. Wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò. Wọ́n ti fa omi sí i lára. Wọ́n ti fún un ní oògùn tó ń fún iṣan pọ̀ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà wálẹ̀, wọ́n fi kún un, wọ́n tún fi kún un. Síbẹ̀ ìfúnpá ń lọ sílẹ̀, bí omi etídò tó ń fà padà sínú òkun.

"Dókítà, ara ọmọ yìí ò gbọ́ tiwa mọ́," ni Dọ́tun wí, nọ́ọ̀sì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí Mosúnmọ́lá tó mọ ewé tó ń jẹ́ ewé. "Inú ajádìí agbọ̀n là ń da gbogbo èyí sí."

"Mo rí i, Bùọ̀dá Dọ́tun."

"Ẹ tún bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀." Títí dòní Dọ́tun kò lè pe Òṣùwọ̀n ní ẹ̀rọ. Bó bá fẹ́ kọjá níwájú ojú dígí rẹ̀, ó máa ń tẹrí ba díẹ̀.

Mosúnmọ́lá nawọ́ sí ìlà méjì tó ń rìn lára ògiri lókè orí aláìsàn. Ìlà òkè wá láti ara ìka Akíntimẹ́hìn, níbi tí wọ́n fi ohun kékeré kan há. Ìlà ìsàlẹ̀ wá láti ara ìgbàdí.

"Ẹ wò ó. Ìka ní ọkàn rẹ̀ ń sáré bí eku tí ológbò ń lé. Ìgbàdí ní ọkàn rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́. Ara kan ni, ọkàn kan ni. Èwo lẹ gbà gbọ́?"

"Ìka òmùwẹ̀ máa ń tutù, Dókítà, ìka tó tutù sì máa ń purọ́. Ìgbàdí kì í purọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oje inú rẹ̀ kì í hàn nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìgbàdí nìkan la ní."

Láyé àtijọ́, oògùn tí jagunjagun ń dè mọ́ ìbàdí ni wọ́n ń pè ní ìgbàdí. Ti Èbúté-Odi kì í ṣe oògùn ogun. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó rọ̀ bí awọ ẹja, tí òmùwẹ̀ ń dè mọ́ra tọ̀sán-tòru, tó ń rọ oje agbára sí i lára díẹ̀díẹ̀ kí otútù abẹ́ omi má baà dá a dúró. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fún un, èèwọ̀ àtijọ́ sì tẹ̀lé orúkọ náà wọlé: obìnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sí nínú òfin kankan tí a kọ sílẹ̀. Síbẹ̀ kò sí nọ́ọ̀sì obìnrin tó máa tú aṣọ ìdí òmùwẹ̀ wò, ọkùnrin tí kì í ṣe òmùwẹ̀ pàápàá kò jẹ́ dán an wò. Aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ìbàdí Akíntimẹ́hìn nígbà tí wọ́n gbé e dé náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mosúnmọ́lá tó kàwé títí tó fi di dókítà, òun náà ń yí ojú kúrò níbẹ̀.

Ìyá aláìsàn jókòó sórí àpótí ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Akín ni gbogbo ènìyàn ń pè é, opó tí orí rẹ̀ ti funfun. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ dé, kò fojú ba oorun, kò sì dà bíi pé oorun náà ń wá a. Ó ti jẹ ẹ̀kọ, ó ti jẹ àkàrà lé e, ó tún ń wo ọwọ́ Dọ́tun bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀," ni Dọ́tun bẹ̀ ẹ́.

"Oorun ò kùn mí, ọmọ mi. Gbé àwọn abọ́ yẹn wá kí n bá ọ fọ̀ wọ́n."

"Ẹ ti fọ̀ wọ́n, Màmá. Ẹ ti fọ ilẹ̀, ẹ ti fọ fèrèsé. Ó kù díẹ̀ kí ẹ fọ èmi náà."

"Bí o bá dọ̀tí, kí ló máa dá mi dúró?"

Dọ́tun rẹ́rìn-ín, ó yíjú padà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì kọlu àwo irin ńlá kan tó wà létí tábìlì. Àwo náà já lulẹ̀ gbàm-ín, ó yí bírí-bírí kó tó dákẹ́.

"Yéè! Orí ìyá mi o!" Ìyá Akín ti fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

Ojú Mosúnmọ́lá wà lára ògiri. Ìlà òkè kò yí padà, Akíntimẹ́hìn kò tilẹ̀ mira, ó ti jìnnà kọjá ibi tí ariwo àwo lè dé. Ṣùgbọ́n ìlà ìsàlẹ̀, ti ìgbàdí, fò sókè bí ẹja tó já lẹ́nu ìwọ̀. Bí Ìyá Akín ti ń bú Dọ́tun, ó ń sáré. Bí Dọ́tun ti ń dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Mosúnmọ́lá wo ìlà náà. Ó wo Ìyá Akín. Ó lọ bá a, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ tù ú nínú, ó sì rọra fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó ń lù lábẹ́ ìka rẹ̀ àti ìlà ìsàlẹ̀ lára ògiri ń rìn pọ̀, ẹsẹ̀ kò ṣáájú ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi jáde síta díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò fẹ́ jìnnà sí i."

"A ò ní jìnnà."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Òṣùwọ̀n sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn: "Ohùn ìgbàdí ti ń fẹ́ẹ́rẹ́." Ìyá Akín dúró gbagidi. Mosúnmọ́lá fi ọwọ́ sí i lẹ́yìn, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi. Òṣùwọ̀n kò ní etí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti jẹ gbogbo etí tí wọ́n fi sára ògiri náà.

"Màmá, ara yín ni ìgbàdí Akín wà."

Obìnrin náà kò sẹ́. Ó fa ìró rẹ̀ mọ́ra, ó wo òkun.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọkàn yín ló sọ ọ́."

"Nígbà tí ibà gbé e nílé, ó ní nǹkan náà ń fún òun. Ó ń ké, 'Ìyá mi, ẹ tú mi, ẹ tú mi.' Ìwọ náà ọmọ obìnrin ni, o mọ̀ ọ́n. Bí ara bá ń ni ènìyàn, gbogbo ohun tó dì mọ́ ọn là ń tú. Obìnrin tó ń rọbí tí ọmọ kò tètè wá, ṣé a kì í tú irun orí rẹ̀? Ṣé àwọn tó dúró tì í kì í tú gèlè? Kò sí ọkùnrin nílé. Mo tú u. Èmi obìnrin."

"Ẹ wá so ó mọ́ra yín."

"Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kó tutù? Bó bá tutù, ìgbìmọ̀ odi tó fún wa nílé á ní òmùwẹ̀ ilé yìí ti kú tàbí ó ti sá. Kí omi tó fà, wọ́n á ti kó ẹlòmíràn sínú ilé wa. Wo ibi tí wọn yóò kó èmi lọ." Ó fi àgbọ̀n júwe.

Mosúnmọ́lá kò nílò kó wò. Ẹ̀yìn-odi ni, níbi tí àwọn tí kò ní òmùwẹ̀ nílé ń gbé lórí òpó igi, tí òkun ń wá mú tirẹ̀ nínú wọn ní gbogbo ìgbà òjò.

"Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn," ni Ìyá Akín ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ara mi le, ó le jù. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ló ń jà. Èèwọ̀ tí mo jẹ, ọmọ mi ló ń pa."

"Kì í ṣe èèwọ̀, Màmá. Ẹ gbọ́. Kókó kékeré kan wà tó jókòó sórí kíndìnrín gbogbo wa bíi fìlà. Òun ló ń ṣe oje tí ara fi ń dìde bí ogun bá dé. Kódà ẹni tí kò wọ ìgbàdí rí, bí àrùn bá wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí èyí, kókó náà lè ṣe títí kó má tó. Ti Akín ti sùn láti ọdún tó ti pẹ́, torí ìgbàdí ló ń bá a ṣe é. Ọmọ tí a bá pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ lójijì, ojú ọ̀nà tó jìn jù lọ lẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí."

"Èmi náà ni mo pa á nígbà náà."

"Kò tíì kú."

"Jẹ́ kí n so ó padà mọ́ ọn."

"Awọ ara rẹ̀ ti tutù, Màmá, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa mọ́. Ohun tí ìgbàdí bá rọ sí i, ìta ni yóò wà. Ohun tó sì ń fún un lójúmọ́ kò tó nǹkan kan lára ohun tó nílò lónìí. Abẹ́rẹ́ ni."

"Ó dáa. Sọ fún ohùn inú ilé yẹn kó ṣí àpótí."

"Bí mo bá sọ ọ́, yóò ṣí i. Yóò sì ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ odi lójú ẹsẹ̀ pé ìyá wọ ìgbàdí ọmọ. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn."

Ìyá Akín mọ̀ ọ́n. "Jìbìtì," ló wí, bí ẹni tó tutọ́.

Mosúnmọ́lá kò sọ ìyókù fún un. Òòlù kékeré kan wà tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí oògùn. Dókítà tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá sùúrù lè fi fọ́ èdìdì dúrọ́ọ̀ náà. Bí ó bá fọ́ ọ, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni yóò já sílẹ̀, kò sí dúrọ́ọ̀ tí yóò tún ṣí fún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí yóò fi ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Bí kò bá ní àlàyé tó wọ̀ wọ́n létí, kò ní fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láéláé.

Kì í sì í ṣe ẹ̀rù ìgbìmọ̀ nìkan ló ń bà á. Òmùwẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Kí òfin tó dé, àwọn ọ̀gá odi ń fi oje kún oje kí àwọn òmùwẹ̀ má baà sinmi. Ojú bàbá rẹ̀ wú, ó yí roboto, egungun rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà, débi pé lọ́jọ́ kan ó wúkọ́, egungun ìhà rẹ̀ sì kán. Títí ó fi kú ló ń sọ pé kò rẹ òun. Ọ̀ràn òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bí òfin náà. Mosúnmọ́lá jẹ́ ọmọdé lọ́jọ́ tí wọ́n kà á sí etí ìlú, lórí èjìká ìyá rẹ̀ ló wà, ó sì pàtẹ́wọ́. A kì í bu omi kún odò tó kún. Kò sí ọjọ́ kan láti ìgbà náà tó rò pé òun ni yóò gbé òòlù.

Dọ́tun yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. Kò ṣe àwàdà. "Dókítà, ẹ máa bọ̀."

Ẹnu Akíntimẹ́hìn ti ṣú. Orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n aláwọ̀ elésè àlùkò. Mosúnmọ́lá dúró tì í fún ìgbà tí ènìyàn fi lè mí ìmí gígùn kan. Odò tó kún ni òfin ń sọ, ó rò ó. Odò yìí ti gbẹ, iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò yìí.

Ó mú òòlù.

"Dókítà Mosúnmọ́lá," ni Òṣùwọ̀n wí, "ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́."

"Àwọn tó ń jókòó sọ̀rọ̀ ní àyè."

"Dókítà, ṣé ẹ rò ó dáadáa?" Dọ́tun ni.

"Mo rò ó. Ẹ wá fa abẹ́rẹ́ yìí fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

Èdìdì náà fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìgò kékeré kan yí bọ́ sílẹ̀, gbogbo iná dúrọ́ọ̀ tó wà lójú ògiri sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Dọ́tun fa oje náà, ó gbé e fún un, Mosúnmọ́lá sì fi í sí ojú iṣan. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ìtàn ti máa ń rí lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n á ní aláìsàn dìde jókòó, ó bèèrè iyán. Irọ́ ni. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí èkejì, wọ́n ṣì ń wo ògiri.

Ìfúnpá dúró ná. Kò gòkè, ó kàn dúró, bí ẹni tó ń sálọ tó wá rántí pé òun ní ilé. Nígbà tó yá ó yọ́ gòkè díẹ̀. Dọ́tun dín oògùn tó ń fún iṣan pọ̀ kù, ó dúró wò, ó tún dín in kù.

"Ó ń gbà," ló wí, kò sì fẹ́ sọ ọ́ sókè.

Ìyá Akín ti padà sórí àpótí rẹ̀. "Ṣé èyí tí ẹ fún un yẹn tó?"

"Ó tó fún ìsinsìnyí, Màmá."

"Lẹ́yìn ìsinsìnyí ńkọ́?"

Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ, ó ń tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣe. Kí oòrùn tó wọ̀, ara yẹn yóò tún bèèrè oje, yóò sì tún bèèrè lọ́la.

"Dókítà," ni Òṣùwọ̀n wí, "ọkọ̀ ìgbìmọ̀ ti gbéra. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mú yín fọ́ èdìdì fún wọn. Kò wù mí kí wọ́n bá yín láìní àlàyé."

"Ẹ sọ fún wọn pé ó wù mí ni mo fi fọ́ ọ."

"Ìyẹn kì í ṣe àlàyé."

"Òun ni mo ní."

Àpótí ìjókòó dún. Ìyá Akín ti dìde. Ó lọ dúró gan-an níwájú ojú dígí Òṣùwọ̀n, ó gbé etí búbà rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ sábẹ́ ìró, ó sì tú ìgbàdí ọmọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Dọ́tun yára yíjú sí ògiri. Obìnrin náà tẹ́ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sórí tábìlì.

"Ìwọ olóhùn rere, àlàyé rèé. Ara mi ló ti wà. Èmi ni mo tú u lára ọmọ mi, èmi ni mo so ó mọ́ra. Ọmọdébìnrin yìí kò bá mi mọ̀ nípa rẹ̀, àfi lónìí."

"Màmá!"

"Dákẹ́, Mosúnmọ́lá. O ti ṣe tìrẹ. Ẹni tó ní kí wọ́n gba ọmọ òun lọ́wọ́ ikú kò gbọdọ̀ ti ọmọ ẹlòmíràn sínú omi."

Lára ògiri, ìlà ìsàlẹ̀ rìn díẹ̀ sí i, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó sì nà tanran.

"Ìgbàdí ti tutù," ni Òṣùwọ̀n wí. "Màmá, ẹ mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn."

"Sọ ọ́. Má ṣe fo ọ̀kan."

"Mo gbọ́ yín. Èmi náà yóò sọ fún wọn pé odò gbẹ, dókítà sì rí i kí èmi tó rí i." Lẹ́yìn náà, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ògiri, dúrọ́ọ̀ tó dúdú láti àárọ̀ tàn. Ó ṣí wọ̀ọ̀. Àwọn ìgò kéékèèké tò sínú rẹ̀. "Bùọ̀dá Dọ́tun," ni Òṣùwọ̀n wí, "àtẹ́lẹwọ́ dókítà ṣì wà ní títì. Ẹ̀yin ni kí ẹ mú un."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Dọ́tun dáhùn, ó sì tẹrí ba.

Wọ́n ti fún un lẹ́ẹ̀kejì, oòrùn sì ti ń fi ẹsẹ̀ kan omi, kí Akíntimẹ́hìn tó la ojú. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rìn, ó ń wá ìbàdí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun, ó fọwọ́ pa á yí ká, kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀.

"Ta ló tú mi?"

"Èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ìyá mi... èèwọ̀ ni."

"Nígbà tí o wà ní jòjòló, tí mo so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọ nídìí, ta ló bá mi sọ èèwọ̀? Ọwọ́ tó so ó náà ló tú u. Sinmi."

Ó wo ìyá rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ sì tún pa dé, ṣùgbọ́n oorun ni lọ́tẹ̀ yìí. Kò pẹ́ tí orí Ìyá Akín náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Oje ìgbàdí ti ń kúrò lára rẹ̀, gbogbo oorun tó jẹ ẹ́ ní gbèsè sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ọkọ̀ ìgbìmọ̀ bú, ó sì dákẹ́. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó èbúté.

"Dókítà, wọ́n ti dé," ni Dọ́tun wí.

"Ẹ ní kí wọ́n rọra rìn. Àwọn méjì ń sùn níbí."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti Ìyá Akín. Kókó orí kíndìnrín obìnrin náà pẹ̀lú lè ti tòògbé lábẹ́ oje ọmọ rẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ Mosúnmọ́lá kò lè ṣí ohunkóhun mọ́ nínú ilé yìí. Ó fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, ó sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń rìn, nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.